Àwọn Ọlọ́lá Orí Àjà

Bí o bá máa wọ ilé wa lásìkò tí ewé igi kuwa ń tóbi, rọra. Má pariwo, má fa sìgá, má fi òróró olóòórùn para, má sì jẹ àlùbọ́sà wá bá wa. A ní àlejò lórí àjà, àlejò náà kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ.

Kòkòrò ni wọ́n, ká sọ òtítọ́. Kòkòrò funfun tí ń jẹ ewé kuwa, tí ń fi ẹnu hun òwú ṣẹ́dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá ọkọ mi wà láyé, ẹni tó bá pè wọ́n ní kòkòrò létí rẹ̀, ọbẹ̀ ilé yìí ti di èèwọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. "Àwọn Ọlọ́lá" ni à ń pè wọ́n. Ṣé àwọn Ọlọ́lá ti jẹun? Àwọn Ọlọ́lá ń sùn, ẹ rọra rìn. Ọmọ tí mo fi inú mi bí lè máa ké ebi títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, ta ló kàn? Kí àwọn Ọlọ́lá kọ́kọ́ jẹ ná.

Èmi Tsune kì í ṣe ọmọ orí òkè yìí. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti bí mi, ìrẹsì la ń gbìn. Bí a bá rí kòkòrò, àtẹ̀pa ni. Ọdún tí wọ́n gbé mi wá fún Eikichi, mo rí i tí wọ́n ká ẹní kúrò nílẹ̀ nínú gbogbo yàrá, tí wọ́n to àtẹ ọparun ní ipele-ipele dé orí àjà, wọ́n wá ní kí èmi ìyàwó tuntun àti ọkọ mi lọ máa sùn lẹ́bàá ààrò. Mo ní, "Ṣé kòkòrò ló ni ilé ni?" Ìyá ọkọ mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Àwọn ni. Ìwọ lo wá bá wọn gbé."

Inú bí mi gan-an. Díẹ̀ ló kù kí n di ẹrù mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà náà, mo wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́ òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé, ṣàà-ṣàà-ṣàà. Mo sáré jáde lọ kó aṣọ tí mo sá. Oòrùn ń ràn ganrínganrín! Kò sí ìkùukùu kan lójú ọ̀run. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fà mí lọ́wọ́, a gun àkàbà lọ sókè. Àwọn Ọlọ́lá ti jí lójú oorun ìkẹyìn tí wọ́n máa ń sùn kí wọ́n tó hun òwú, gbogbo wọn sì ń jẹun lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu tí ojú ò lè rí, ìró wọn kún ilé bí òjò àárọ̀. Ara mi bù máṣọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró yẹn, ẹnu mi á pa dé; ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé ohun tó lè pa Tsune lẹ́nu mọ́ kì í ṣe kékeré.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. "Hùn" ni gbogbo ohun tó mọ̀. Hùn kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, hùn kan wà tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó gùn díẹ̀ ni pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀. Mo bí ọmọ márùn-ún fún un, bóyá ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá mi sọ kún igbá kan. Mo máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé àwọn Ọlọ́lá ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ. Wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á ní, "Hùn."

Àwọn ọmọ ló bá a sọ èyí tí kò sọ. Mitsue ni àkọ́bí, ó ti di ìyá kékeré, ó ń pàṣẹ jù mí lọ. Genta àti Heita tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì yìí kì í rí ara wọn kí wọ́n má jà. Bí ìjà bá tán, wọ́n á wá nǹkan mìíràn tí wọ́n á tún torí ẹ̀ jà. Lẹ́yìn wọn la bí ọmọbìnrin kan. Ó ti rẹ̀ mí, mo sọ ọ́ ní Tome, ìyẹn ni pé ó tó, dúró níbẹ̀. Mi ò tíì já Tome lẹ́nu ọmú tí oyún mìíràn fi dé. A sọ ìyẹn ní Sueo, ìkẹyìn. Mo ní bí òun náà kò bá gbọ́ èdè, mi ò mọ orúkọ tí mo tún lè sọ mọ́. Ṣùgbọ́n Sueo gbọ́ èdè, òun ló pa ilẹ̀kùn dé.

Ibi tí Tome bá wà, ibẹ̀ ni Sueo wà. Tome ló ń bá a sọ̀rọ̀. "Ìyá, ebi ń pa Sueo." "Ìyá, Sueo fẹ́ tọ̀." Lọ́jọ́ kan mo ní, "Sueo fúnra ẹ̀ kò ní ẹnu ni?" Tome wo ẹnu Sueo, ọ̀dùnkún kún un fọ́fọ́. Ó ní, "Ó ní in, Ìyá, àmọ́ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Tome yìí ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wà nílùú, Chise lorúkọ rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti fi í fún ìbátan kan tó ní ṣọ́ọ̀bù bàtà onígi, nítorí àwọn yẹn ò bímọ. Àṣà wa ni: ilé tí ọmọ bá pọ̀ sí á fún ilé tí kò ní. Wọ́n tọ́ ọ níbẹ̀, wọ́n wá ọkọ fún un síbẹ̀, ọkọ náà kú, òun náà ò sì bí. Lọ́dún tuntun ó wá kí wa. Nígbà tí a jẹun tán, ó jókòó sídìí ààrò, ó gé orúkọ ọkọ mi kúrú bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Ei, márùn-ún ni tìrẹ. Fún mi ní ọ̀kan kí ṣọ́ọ̀bù má baà parun lẹ́yìn mi. Ọmọbìnrin ni kó jẹ́, èyí tó lè bọ́jú fúnra ẹ̀ àmọ́ tí kò tíì dàgbà kọjá kó gbàgbé ibi tó ti wá."

Tíì ni mò ń bù lọ́wọ́. Tíì kún ife, ó dà sórí ẹní. Mo wo ojú ọkọ mi, mo sọ nínú ara mi pé òní gan-an ni Eikichi máa la ẹnu. Ó tẹrí ba. Ó ní, "Hùn." Èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tán, mo bá a jà dójú àmì. "Bàbá Mitsue, ṣé adìyẹ ni mo bí? Ṣé ẹni tó bá ń kọjá lọ á kàn máa mú ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ni?" Ó mú àdá, ó lọ sí oko kuwa, ó ń gé ẹ̀ka nínú yìnyín. Ohun tó ń dùn mí ni pé Eikichi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ń jí bo àwọn ọmọ láṣọ bí òtútù bá mú, òun ló gbé Heita pọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí ibà ń ṣe é. Kí ló dé tí kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé rárá? Mo ro ó títí, mi ò rídìí ẹ̀.

Àdéhùn wọn ni pé bí a bá ti ká òwú àkọ́kọ́ lọ́dún náà, Ẹ̀gbọ́n Chise á mú Tome lọ. A ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ wo àwa àgbà, a máa ń rò pé ọmọdé tó ń ṣeré nídìí ààrò kò létí.

Àwọn Ọlọ́lá pa látinú ẹyin, wọ́n jẹ, wọ́n sùn, wọ́n tún jẹ. Ní ìkẹyìn, ọjọ́ pípọ́n dé. Lọ́jọ́ tí àwọn Ọlọ́lá bá pọ́n, ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni lórí òkè yìí. Ilé ìwé gan-an á ti ilẹ̀kùn. Àwọn Ọlọ́lá á ṣàdédé kọ ewé, wọn á gbé ọrùn sókè, wọn á máa wá ibi tí wọ́n máa hun ilé sí, ara wọn á sì mọ́ gaara. O gbọ́dọ̀ ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lórí àtẹ, kí o kó wọn sínú ìtẹ́ koríko, kí wọ́n tó máa tu òwú dànù.

Gbogbo wa wà lórí àjà láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mitsue ń pàṣẹ, Genta àti Heita ti gbàgbé ìjà. Sueo mú Ọlọ́lá kan láàárín ìka méjì, ó gbé e sókè síbi tí oòrùn ti ń gba fèrèsé wọlé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú kòkòrò náà kọjá, bí ẹni pé wọ́n tan fìtílà sí i níkùn. Ojú Sueo náà mọ́lẹ̀. Mo wo àwọn ọmọ mi márààrún, kálukú gbé tirẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń wo inú ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Háà! Mo ti rí ìran yẹn lọ́dọọdún, kò tíì sú mi. Ta ló kọ́ kòkòrò ní iṣẹ́ yìí? Ta ló sì kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà láti mọ èyí tó ti pọ́n?

Tome wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń kọ́ ọ bí ìyá ọkọ mi ṣe kọ́ mi. "Ẹyọ kan, ihò kan. Bí méjì bá jọ wọ ihò kan, ilé kan ni wọ́n máa jọ hun, òwú wọn á lọ́ mọ́ra. Kò sẹ́ni tó lè fa tọ̀kan kí tèkejì má tẹ̀ lé e. Oníbejì nìyẹn. Ẹni tó ń ra òwú kì í mú oníbejì."

"Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?"

"Àwa la ni ín. A máa ń sè é, a ń na òwú rẹ̀ sínú aṣọ ìbora. Ṣé o rí èyí tí ò ń bò sùn? Oníbejì ló wà nínú ẹ̀."

"Wọn kì í mú un lọ rárá?"

"Rárá o. Ilé ló ń gbé títí láé. Máa ṣiṣẹ́ jàre, ọ̀rọ̀ ẹ ti pọ̀ jù."

Iṣẹ́ ni mo rò pé mò ń kọ́ ọmọ.

Àfi bí mo ṣe gbóòórùn òdòdó nísàlẹ̀. Mo yọjú láti orí àkàbà. Ẹ̀gbọ́n Chise ló dé, ó gé àsìkò kúrú! Àtíkè funfun lójú, òróró dídán lórí, ẹrù lọ́wọ́, ó ti fẹ́ gbẹ́sẹ̀ wọlé.

"Ẹ dúró níbẹ̀!" Igbe tí mo ké, Genta fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àtẹ sílẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbí báyìí?"

"Ẹ kú ọ̀nà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn. Ẹ lọ sí kànga. Àtíkè yẹn, òróró orí yẹn, ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Bí àwọn Ọlọ́lá bá gbóòórùn yín, ká gbà á ládùúrà ni."

"Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí o."

"Mo mọ̀. Àmọ́ wọn ò bí àtíkè mọ́ yín."

Heita bú sẹ́rìn-ín, Mitsue gbá a létí. Mo ti ń retí èébú. Obìnrin náà kàn wò mí títí, ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó yíjú sí kànga. Nígbà tó padà, irun rẹ̀ tutù, ó wọ ṣòkòtò oko mi tó ti gbó, kò sì sí àtíkè lójú rẹ̀ mọ́. Ẹnu yà mí. Ojú Eikichi gan-an ni! Wọ́n jọra bí ìmúmu. Ó gun àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣa àwọn Ọlọ́lá láì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ìka rẹ̀ bá ti kan èyí tó pọ́n, ó ti mọ̀. Èmi tí mo ti ń ṣe é láti ọdún tí mo ti dé, mi ò tó o. Mo fẹ́ máa bínú sí i lọ, mo wá rí i pé mo ti dúró, mò ń wò ó.

Nígbà tí a jẹun alẹ́, ó pe ọmọ mi. "Ṣé ìwọ ni Tome?"

"Èmi àti Sueo ni."

"Ìwọ ni mo bi léèrè."

"Èmi àti Sueo ni, Ìyá Chise."

Ó fún un ní àádùn ẹ̀wà pupa tó rà bọ̀ láti ìlú. Tome fi ọ̀bẹ gé e sí méjì ọgbọọgba, ó fún Sueo ní tirẹ̀, ó tó jẹ. Ẹ̀gbọ́n Chise wo àwọn méjèèjì. Ó ní òun á dúró títí a ó fi ká òwú, òun á bá wa ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá ti ń hun, ilé á pa lọ́lọ́. Ilé tí òjò ti ń rọ̀ nínú ẹ̀ tọ̀sán-tòru, òjò á kàn dá. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń bà mí lẹ́rù díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó ń lọ lókè: ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń fi òwú ẹnu wọn sé ara wọn mọ́lé. Lọ́dún yẹn ó tún burú sí i. Ẹ̀gbọ́n Chise jókòó lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, ó ń rán aṣọ pupa kékeré kan. Aṣọ ìrìn-àjò Tome ni. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá wọlé tó jáde, ara mi ló ń gún.

Àwọn ọmọ méjì yẹn náà sì ń ṣe bí wọn kì í ṣe é. Ooru ti mú, síbẹ̀ inú aṣọ ìbora kan ṣoṣo ni wọ́n ń sùn, wọ́n á dì í mọ́ra dé ọrùn, òógùn á bò wọ́n. Bí mo bá bu oúnjẹ fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á da tọ̀kan lé tèkejì. Mo ní, "Tome, ṣé orí rẹ pé? Abọ́ wọ́n nílé yìí ni?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ ẹ, Ìyá." Mo láálí wọn títí, wọn ò gbọ́.

Ọjọ́ ìkáwùú pé. Gbogbo wa jókòó yíká nínú yàrá iwájú, a ń já ilé òwú kúrò nínú ìtẹ́, a ń fi ọwọ́ bọ́ irun rẹ̀, a ń jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n funfun, wọ́n le, wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Aṣọ pupa ti parí, ó wà ní kíká lórí ẹrù Ẹ̀gbọ́n Chise. Bọ́ọ̀sì ọ̀sán ni wọ́n máa wọ̀. Mò ń já òwú, mò ń gbé omijé mì.

Ni Mitsue bá gbé ìtẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti igun tó ṣókùnkùn jù lọ lórí àjà. "Ìyá, ẹ wá wo nǹkan."

Gbogbo ilé òwú inú ẹ̀ ló tóbi, tí orí wọn rí rọ́bọ́tọ́. Mo mú ọ̀kan, mo mì í létí. Nǹkan méjì ló ń lu ara wọn nínú ẹ̀. Mo mú òmíràn, méjì. Òmíràn, méjì!

"Oníbejì ni gbogbo ẹ̀! Odindi ìtẹ́! Ta ló ṣe iṣẹ́ ibi yìí? Genta! Heita!"

"Èmi kọ́!"

"Òun ni, Ìyá!"

"Irọ́ ló ń pa!"

Tome dìde. Sueo dìde pẹ̀lú rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo rí i pé okùn koríko ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ wọn pọ̀, ẹsẹ̀ òsì Tome mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Sueo.

"Èmi àti Sueo ni."

Mo ti gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń bá kiri láti ọdún tuntun ló wà nínú ọwọ́ yẹn. "Ṣé mi ò kọ́ ọ ni? Ẹyọ kan, ihò kan! Ta ló máa wá mú èyí báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó máa mú un." Ó ń wò mí lójú. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Ìyá. Ẹ ní wọn kì í mú oníbejì lọ. Ẹ ní ilé ló ń gbé títí láé. A kọ́kọ́ fi àwọn Ọlọ́lá dán an wò ni, ká lè mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ó sì ṣeé ṣe. Èmi àti Sueo ti ń sùn nínú aṣọ kan, a ti ń jẹun nínú abọ́ kan. A ti di oníbejì báyìí. Ìyá Chise ò lè mú mi mọ́."

Sueo, tí kì í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, Sueo tí mo rò pé kò ní ẹnu, ó la ẹnu. Ó ní, "Bí ẹ bá fà á, èmi náà á tẹ̀ lé e ni."

Ọwọ́ mi wà lókè, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Mo jókòó sáàárín òwú. Ẹkún tí mo ti ń gbé mì láti oṣù mélòó kan ló tú jáde, mo sun ún bí ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n Chise ti mú oníbejì kan nínú ìtẹ́ náà. Ó gbé e sétí, ó rọra mì í. A gbọ́ ohùn ẹnìkan, mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rò pé àlejò ló wọlé. Ọkọ mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "èmi ni wọ́n wá mú lọ́jọ́ yẹn."

Gbogbo wa yíjú sí i. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi kànga tí wọn ò tíì fà látọdúnmọ́dún.

"Ọkùnrin ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù bàtà fẹ́. Mo gbọ́ nígbà tí Ìyá ń wọṣọ fún mi. Mo sá gorí àjà, mo wọ abẹ́ àtẹ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè mí, mi ò dáhùn. Nígbà tí mo jáde, ẹ̀yin ni ẹ ò sí nílé mọ́. Mi ò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì kàn wá rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin lẹ lọ jẹ ìyà tèmi. Bí ẹ bá wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé rárá?"

Ẹ̀gbọ́n Chise gbé oníbejì náà sórí itan rẹ̀. "Ei," ó ní, "ta lo rò pé ó gbé àtẹ bò ọ́?"

Ọkọ mi gbójú sókè.

"Ìwọ tí o wọ abẹ́ àtẹ, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà níta! Ò ń ké, wọ́n á gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ti ẹsẹ̀ rẹ wọlé. Èmi ni mo gbé àtẹ mìíràn dí ibẹ̀, mo da ewé lé e, kí jíjẹ àwọn Ọlọ́lá lè bo ẹkún rẹ mọ́lẹ̀. Mo wá sọ̀ kalẹ̀, mo bá Ìyá, mo ní wọn ò ní rí ọ, kí wọ́n jẹ́ kí èmi lọ. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi, Ei. Èmi ni mo lọ."

Ọmọ ọdún mélòó ni òun náà lọ́jọ́ yẹn? Ó fi ọdún kan péré ju Eikichi lọ. Mo wo Tome tó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú okùn lẹ́sẹ̀, ọmọ ọdún méje, mo wá wo obìnrin tí mo lé lọ sí kànga nítorí àtíkè. Irú ọkàn wo ni wọ́n ń bí mọ́ àwọn ọmọ ilé yìí? Ẹ̀rù wọn bà mí, tòótọ́ ni mò ń sọ. Mo bí wọn, mo nu imú wọn, mo gbá wọn létí, mi ò mọ̀ wọ́n rárá. Mo kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Chise lórí ilẹ̀ onífúlùfú òwú yẹn, mo fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Dìde, Ìyàwó," ó ní, "òwú wà ní imú ẹ." Heita rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó gbá a.

Ẹ̀gbọ́n Chise fi ìkúnlẹ̀ sún mọ́ àwọn ọmọ náà. Mo rò pé ó fẹ́ tú okùn. Ó kàn fọwọ́ kan ìso rẹ̀. "Ta ló ta á?"

"Èmi àti Sueo ni," Tome dáhùn.

"Ó le dáadáa. Òótọ́ ni ìyá yín sọ, wọn kì í mú oníbejì lọ." Ó wo inú ìtẹ́ náà. "Àmọ́ ìtẹ́ tí ẹ kún yìí pọ̀. Ṣé ẹ lè fún mi ní ẹyọ kan? Mo fẹ́ gbé e sórí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù."

Àwọn méjèèjì forí korí, wọ́n sọ̀rọ̀ sí ara wọn létí. Wọ́n wá inú ìtẹ́ náà fínnífínní, wọ́n mú èyí tó tóbi jù. Sueo ló gbé e fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì. Aṣọ pupa náà, Ẹ̀gbọ́n Chise tú u, ó wọ̀ ọ́ fún Tome níbẹ̀, ó ní kó máa fi ṣeré nílé.

Kò bá bọ́ọ̀sì ọ̀sán lọ. Òun àti Eikichi ní àwọn fẹ́ lọ gbá orí àjà, kí wọ́n kó àtẹ sílẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ọbẹ̀ miso, ọbẹ̀ ẹ̀wà wa, kaná, mò ń gé ìgbá àti tófù sí i. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ọ: ìró kan ń bọ̀ láti òkè, kò ga, kò sì dáwọ́ dúró. Mo dá ọ̀bẹ dúró. Àwọn Ọlọ́lá ti lọ tán, kí ló tún ń dún bí òjò lórí àjà mi?

Mo lọ sídìí àkàbà. Ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nípa ọdún tí yìnyín wó òrùlé, nípa bí ìyá wọn ṣe kú, nípa ọjọ́ tí wọ́n bí Mitsue tí òun ò lè gbé e nítorí ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ó sọ pé ìyàwó òun láriwo, pé bí òun bá ń bọ̀ láti oko tí òun gbọ́ ariwo náà, òun mọ̀ pé òun ti délé. Ó ń sọ, ó ń sọ, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ti rọ́ jọ sẹ́yìn mi, wọ́n gbójú sókè, ẹnu wọn là sílẹ̀.

"Ìyá," Mitsue wí, "ṣé kí n pè wọ́n wá jẹun?"

Mo fi ìka lé ètè. Mo ní kí wọ́n rọra rìn. Gbogbo wa jókòó sí ìsàlẹ̀ àkàbà, Tome àti Sueo ní àárín, títí ọbẹ̀ fi tutù.